Bí a ṣe lè fi ètò ìlò ilẹ̀ dáàbò bo ìlú àti abúlé ilẹ̀ ọ̀dàn lọ́wọ́ iná igbó

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Yorùbá, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ní ilẹ̀ Benin, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí iná kì í jó igbó. Ohun tí ó máa ń yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún ni ibi tí iná náà yóò dúró sí. Ó lè kú sí etí odò, ó lè wọ oko kajú, ó sì lè dé abà tàbí àwọn ilé tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka èyí sí ọ̀ràn oríire tàbí orí burúkú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a pín ilẹ̀ ni a ti pinnu èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí ẹbí onílẹ̀ yan ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọ̀nà yóò gbà, àti ohun tí yóò wà láàrin ilé tí ó kẹ́yìn àti koríko. Bí èéfín bá ti bo ojú ọ̀run, tí ibùdó panápaná sì jìnnà, ohun tí ó kù láti ṣe kò tó nǹkan mọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn baálẹ̀, àwọn mọ́gàjí àti olórí ẹbí, ẹgbẹ́ onílé, àti àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ni ìpinnu yìí wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí iná ń gbà wá

Kí ẹ tó gé ẹyọ koríko kan, ẹ ya àwòrán ìlú àti àyíká rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ibi tí iná ti jó ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kò di dandan kí èyí jẹ́ iṣẹ́ olówó ńlá. Ẹ lè tẹ àwòrán sátẹ́láìtì tí ó wà lórí Google sí orí ìwé fífẹ̀, kí ẹ wá pe àwọn ọdẹ, àwọn àgbà àgbẹ̀, àwọn tí ń sun èédú, àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́gi ìdáná, àti àwọn Fúlàní tí ó wà ní gáà, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ó ti rí iná àti ibi tí iná náà ti wá. Ẹ má ṣe tìtorí ìjà àná yọ àwọn darandaran kúrò nínú ìpàdé náà. Àwọn ni wọ́n ń rin inú ọ̀dàn lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìrìn iná kò sì sí lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí ìlú. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú ewé ayélujára NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní FIRMS, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ yẹ àwọn àmì iná tí sátẹ́láìtì rí ní agbègbè yín wò láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ọdún kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ VIIRS tí ó wà lára àwọn sátẹ́láìtì náà ń wo ilẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 375, nítorí náà kò lè ya oko kékeré kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n yóò fi hàn yín bí iná bá ń gba ìhà kan náà wá lọ́dọọdún.

Ẹ kọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí orí àwòrán náà. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, èyí sì ni ó ń mú kí iná tí ó le jù láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì máa sáré lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ìlú tí koríko pọ̀ ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìhà yẹn ṣe kí ó tó dé ibòmíràn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, tí afẹ́fẹ́ òkun sì ń padà wọlé láti gúúsù, ìhà kejì náà a di eléwu, ṣùgbọ́n bí owó àti agbára kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ìhà ọyẹ́ ni kí ẹ fi ṣáájú.

Ìrísí ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Iná a máa yára bí ó bá ń gun òkè, nítorí pé ahọ́n rẹ̀ ń tẹ̀ sí ara koríko tí ó wà níwájú, ó sì ń gbẹ ẹ́ kí ó tó kàn án. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ iná ń lò ni pé bí ilẹ̀ bá fi 10 digírì dagun, eré iná lè di ìlọ́po méjì. Ní ìlú tí ó wà láàrin òkè bí Ìgbẹ́tì àti Adó-Àwáyè, ilé tí ó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí koríko wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní àkókò tó èyí tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè kan náà ní oore tirẹ̀: àpáta gbalasa kò ní ohun tí iná lè jẹ. Ẹ sàmì sí gbogbo àpáta, odò, àkùrọ̀ àti ọ̀nà ọkọ̀, nítorí àwọn ni ẹ óò so ààbò ìlú mọ́.

Etí ìlú gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ń jẹun lórí rẹ̀

Kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé ti pe ọ̀wẹ̀ rí láti la ọ̀nà ìdènà iná yí ìlú ká. Ní ọdún kìíní, ó mọ́ tónítóní. Ní ọdún kejì, ìdajì àwọn ènìyàn ni ó jáde. Ní ọdún kẹta, eruwà, ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ti gba ibẹ̀, eruwà nìkan sì lè ga ju ènìyàn lọ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé àwọn ará abúlé náà ya ọ̀lẹ. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí èrè lórí rẹ̀ ni a ní kí gbogbo ènìyàn máa tọ́jú, ó sì ṣòro kí irú rẹ̀ pẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a fún ilẹ̀ etí ìlú ní iṣẹ́, irú iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí ilẹ̀ náà wà ní mímọ́ tàbí ní tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹni tí ń jẹ èrè rẹ̀ sì máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ìlú nílò bá èyí mu. Pápá bọ́ọ̀lù, pápá ilé ẹ̀kọ́, gáréèjì, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ibi tí a ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, àti àpáta tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí jẹ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tàbí tí a ń gbá. Dípò kí a kó gbogbo wọn sí àárín ìlú, kí a sì fi etí ìlú sílẹ̀ fún ilé, ẹ jẹ́ kí àwọn ohun wọ̀nyí bọ́ sí ìhà tí ọyẹ́ ti ń wá. Ní etí odò, àkùrọ̀ ni ó dára jù, nítorí ẹ̀fọ́, ilá àti tòmátì tí a ń bomi rin ní oṣù kìíní a máa tutù nígbà tí gbogbo àyíká ti gbẹ. Ní ibi tí kò sí odò, ẹ̀gẹ́ dára, nítorí pé ó ṣì máa ń tutù wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà náà dára bí a bá kó ìràwé wọn fún ẹran lẹ́yìn ìkórè, tí ilẹ̀ sì wà lásán. Àgbàdo àti ọkà bàbà kò yẹ níbẹ̀, àfi bí a bá kó gbogbo pòròpórò wọn kúrò, nítorí òun ni iná ń wá.

Kajú nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí ó ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Oko kajú tí a ti ro abẹ́ rẹ̀, tí a sì ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, a máa dín agbára iná kù. Oko kajú tí koríko wà lábẹ́ rẹ̀, tí ewé gbígbẹ sì dì sí, yóò gbé iná wọ ìlú ni. Igi tíìkì kò dára fún etí ìlú rárá: ewé rẹ̀ fẹ̀, inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó sì ń wọ́ sílẹ̀. Bákan náà, ibi ìlagi pẹ̀lú òkìtì ìyẹ̀ pákó rẹ̀, ààtàn ìlú, ibi tí a ń kó àpò èédú jọ sí, àti ibi tí a ń ta epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wà ní ìhà ọyẹ́.

Báwo ni a ṣe lè rí àwọn tí yóò lo ilẹ̀ náà? Ẹbí onílẹ̀ lè yá àwọn ọ̀dọ́ tàbí ẹgbẹ́ obìnrin ní ilẹ̀ yìí láìgba ìṣákọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n dín in kù, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá tó pé, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti mọ́. Ẹni tí kò bá mú àdéhùn ṣẹ ni a óò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí pé ohun jíjẹ ni wọ́n ń gbìn, tí kì í ṣe igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìbẹ̀rù tí ó sì máa ń dí àwọn ẹbí lọ́wọ́ láti yá ènìyàn ní ilẹ̀ yóò dín kù.

Ní ti ìbú, òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí onílé tí ó wà ní agbègbè iná tún ilẹ̀ ṣe yí ilé rẹ̀ ká dé ìwọ̀n 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 30. Òfin ilẹ̀ Portugal ti 2006 béèrè mítà 50 yí ilé ká, àti mítà 100 yí abúlé ká. Fún koríko ọ̀dàn tiwa, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìlà etí ìlú ní ìhà ọyẹ́ má dín ní mítà 50, kí mítà 10 tí ó kángun sí koríko jẹ́ ilẹ̀ lásán tí a ti ro dé gbòǹgbò, kí ó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun wọ ìlú. Ní ìhà kejì, ìdajì rẹ̀ lè tó.

Ibi tí a kò gbọdọ̀ tà fún ìkọ́lé

Ohun tí ń ba ọkàn mi jẹ́ jù nínú títa ilẹ̀ lóde òní ni bí a ti ń ta pulọ́ọ̀tì káàkiri inú ọ̀dàn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láìsí ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Ilé mẹ́wàá tí ó wà papọ̀ lè ní ìlà ààbò kan ṣoṣo, kànga kan, àti àwọn aládùúgbò tí yóò ké sí ara wọn. Ilé mẹ́wàá tí ó fọ́n káàkiri nílò ìlà mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí yóò tètè rí èéfín èkejì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìlú máa gbòòrò láti ara ilé tí ó ti wà, kí a kún ilẹ̀ tí ó ṣófo láàrin ìlú kí a tó la tuntun.

Ẹ fi orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó kọjú sí ọ̀dàn sílẹ̀ fún ẹran jíjẹ̀ tàbí igi eléso tí abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe pín pulọ́ọ̀tì sí abẹ́ wáyà iná mànàmáná ńlá, kí ẹ sì rí i pé a ń gé koríko abẹ́ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ní agbègbè tí ó bá Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé pààlà, èyí tí ó fẹ̀ tó kìlómítà alópo méjì 2,512, ẹ bá àwọn olùṣọ́ ọgbà náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó la àdúgbò tuntun sí etí rẹ̀, nítorí iná kò mọ ààlà tí ó wà nínú ìwé.

Ọ̀nà àbáyọ

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, iná tí wáyà iná mànàmáná ńlá kan dá sílẹ̀ jó ìlú Paradise ní California. Kò pé wákàtí méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ ìlú náà, ènìyàn 85 ni ó kú, ilé àti ahéré tí ó jóná sì ju 18,000 lọ. Orí òkè tí ó gùn ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, àwọn ọ̀nà tí ó jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ọkọ̀ sì dí wọn pa. Ní Portugal, ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 66 kú nínú iná Pedrógão Grande, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń sá gbà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kú sí, nítorí igi sún mọ́ ọ̀nà náà tímọ́tímọ́.

Kò gbọdọ̀ sí àdúgbò tuntun tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà méjì tí ó kọjú sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fà sórí àwòrán kí a tó fa pulọ́ọ̀tì kankan. Ìlànà California sọ pé ọ̀nà tí kò já, tí pulọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tó éékà kan, kò gbọdọ̀ gùn ju 800 ẹsẹ̀ bàtà lọ, àti pé kí ojú ọ̀nà fẹ̀ tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí ọkọ̀ panápaná tí ń wọlé àti ọkọ̀ àwọn tí ń sá jáde lè kọjá lára wọn. Ìwọ̀n yìí bá wa mu dáadáa. Ẹ gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní mítà 10 sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ yan pápá kan tí kò ní koríko gíga gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi fún àwọn arúgbó àti àwọn tí kò ní ọkọ̀, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Bí ìlú bá ní odò tàbí adágún, ẹ la ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé etí omi náà lọ fa omi.

Ìlà nìkan kò tó nítorí màjàlà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní ìlú Santa Rosa ní California, iná fo ọ̀nà márosẹ̀ 101 tí ó ní ojú ọ̀nà mẹ́fà, ó sì jó ilé tí ó ju 1,000 lọ ní àdúgbò Coffey Park, tí kì í ṣe inú igbó rárá. Ẹyin iná tí afẹ́fẹ́ gbé ni ó ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí màjàlà tí ń bọ́ sí àgbàlá nígbà tí oko ń jó lókèèrè mọ ohun tí mo ń sọ. Ìlà etí ìlú yóò dá ahọ́n iná dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ń fò lókè rẹ̀, ilé fúnra rẹ̀ ni yóò kojú rẹ̀.

Nítorí náà, kí àdéhùn títa ilẹ̀ ní gbólóhùn nípa ilé pẹ̀lú. Mítà kan àti ààbọ̀ tí ó yí ògiri ká kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun tí ń jó: ìbáà jẹ́ koríko, ẹní, àpò, tàbí igi ìdáná. Igi ìdáná àti èédú gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ní mítà 10. Kí a dí àlàfo tí ó wà láàrin páànù àti ògiri, nítorí ibẹ̀ ni màjàlà ń gbà wọ òkè àjà. Koríko bẹẹrẹ, tí a fi ń bo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń bo ilé ìdáná àti ahéré. Bí a kò bá lè pààrọ̀ rẹ̀ sí páànù, kí ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ má wà ní ìhà ọyẹ́, kí ó sì jìnnà sí ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ẹ pín àsìkò sísun bí ẹ ṣe pín ilẹ̀

Kò sí òfin tí yóò dá iná dúró pátápátá ní ọ̀dàn, n kò sì rò pé ó yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Àgbẹ̀ ń sun oko, ọdẹ ń lé ọ̀yà, darandaran ń wá koríko tútù, àwọn tí ń wá oyin náà ń lo iná. Ohun tí a lè pinnu ni ìgbà. Ní ọdún 1929, ní igbó ọba Olókemejì láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan: wọ́n ń sun ìpín kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan, igi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tí wọ́n ń tètè sun, èyí tí iná kò kàn sì ti ń di igbó. Iná oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ṣì kù lára koríko, a máa rọ̀ ju iná oṣù kejì lọ.

Ẹ lo èyí nínú ètò yín. Kí baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kéde ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tí a óò fi sun koríko tí ó wà lẹ́yìn ìlà etí ìlú, kí àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi àti ẹ̀ka igi tútù, kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, kí a sì jẹ́ kí iná máa jó lọ lòdì sí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ẹni tí ó bá fẹ́ sun oko gbọ́dọ̀ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Kí àwọn tí ń sun èédú máa sun ún ní ibi tí a yàn fún wọn, tí a ti ro yíká.

Kí ètò náà lè ní agbára

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìlú ńlá. Òfin ètò ìlú àti agbègbè ti 1992 ni ó sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú, tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí àwòrán kí a tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ẹbí ni ó ń ta ilẹ̀, awọnlẹ̀ sì ni ó ń fa ìlà. Bí ètò yìí bá wà ní ọ́fíìsì nìkan, kò ní dé ilẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́nu baálẹ̀ nìkan, ẹni tí ó ra ilẹ̀ láti Ìbàdàn tàbí Èkó kò ní gbọ́ ọ. Kí ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí àwòrán náà níwájú ọba tàbí baálẹ̀, kí ọ́fíìsì ètò ìlú gbà á wọlé, kí awọnlẹ̀ má ṣe fa pulọ́ọ̀tì kankan sórí ìlà etí ìlú, kí àdéhùn nípa ìtọ́jú ilẹ̀ sì wà nínú ìwé tí olùrà ń gbà, kí ó lè tẹ̀ lé ilẹ̀ náà bí ó bá tún un tà.

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí ìgbìmọ̀ kan tí àgbẹ̀, ọdẹ, obìnrin, darandaran àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀ rin ìlà náà yíká pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ń lo ìpín kọ̀ọ̀kan, ibi tí koríko ti padà hù, àti ilé tí a kọ́ láìgba àṣẹ, kí wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ náà sókè níwájú àwọn olórí ẹbí, kí oṣù kọkànlá tó wọlé.